Aṣọ Ni Mo Tẹ̀lé

Ọmọ mi obìnrin ní kí n kọ́kọ́ ṣe ìdánwò.

Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi. Yàrá mẹ́ta ló wà nílé mi. Mò ń sùn nínú ọ̀kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà nínú èkejì. Ẹ̀kẹta, ṣe ni mo máa ń ṣí i láàárọ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, màá sì tún tì í nírọ̀lẹ́. Rédíò nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀, bí mo bá sì bi í ní nǹkan, kì í dáhùn.

"Bàbá, ẹ ò lè dá mójú tó wọn." Ohun tó máa ń sọ nìyẹn. "Bí ẹ bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ yín, ilé lè jó, ẹ ò ní mọ̀."

Àsọdùn ni. Ilé mi ò jó rí. Ìkòkò ló jó, ẹ̀ẹ̀mejì péré.

Nígbà tí mi ò dákẹ́, ó fún mi ní ọjọ́ kan. Kí èmi nìkan mú àwọn ọmọ lọ sí ọgbà ìṣeré ńlá tó wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́rin. Bí kò bá sí wàhálà kankan, wọ́n á lo ọlidé lọ́dọ̀ mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Bí wàhálà bá wà, kí n má dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Mo gbà.

Ọmọ méjì ni. Èyí ẹ̀gbọ́n jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá Ìbéèrè là ń pè é. Láàárín kí ènìyàn jí àti kí ó fọ ẹnu, á ti bi í ní ìbéèrè mọ́kànlá. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọ̀gágun là ń pè é, nítorí kì í tọrọ nǹkan. Ó máa ń pàṣẹ ni.

Télọ̀ ni mí. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo ti ń ránṣọ. Mo ronú ọ̀rọ̀ náà bí télọ̀. Mo ní ọmọ tó bá wọ aṣọ tí kò ní ìkejì kò lè sọnù. Mo ra aṣọ yẹ́lò kan tó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń tà á fi ń dijú bí ó ṣe ń gé e. Mo fi rán kaba fún Ìyá Ìbéèrè: àpò pupa méjì níwájú, bọ́tìnì mẹ́fà lẹ́yìn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ dáadáa kí ó lè máa fò bí ó bá ń yí. Mo rán ṣẹ́ẹ̀tì fún Ọ̀gágun nínú aṣọ kan náà. Ẹni tó bá wà lórí òrùlé á rí wọn. Ẹni tó bá ti fẹ́ sùn á rí wọn. Mo fọkàn balẹ̀.

Ọmọ mi gbé wọn wá sẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà ní aago mẹ́wàá. Ó wo aṣọ náà, ó wò mí.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú rí wọn ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn òfin rẹ̀. Ọ̀gágun máa ń tọ̀ bí inú rẹ̀ bá dùn jù. Ìyá Ìbéèrè máa ń bá ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹnu sọ̀rọ̀. Kí n di ọwọ́ wọn mú ní gbogbo ìgbà.

"Ọwọ́ méjì ni mo ní," mo wí.

"Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bí ìkẹta."

Ó lọ síbi iṣẹ́. A wọlé.

Ìdí àwọn ẹṣin onígi tó ń yípo la kọ́kọ́ lọ. Ọ̀gágun gun ẹṣin funfun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gun èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dúró sílẹ̀.

"Bàbá àgbà, ẹ gun dúdú," ni Ọ̀gágun wí.

"Orúnkún mi ò gbà."

"Ẹ gùn ún!"

Ọ̀dọ́kùnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo gùn ún.

Ìyá àgbàlagbà kan wà lórí ẹṣin iwájú mi, ó wọ kóòtù dúdú gígùn. Ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹgbẹ́ Ìyá Ìbéèrè, síwájú. Ìṣẹ́tí kóòtù náà ti tú lẹ́yìn, bí ínṣì mẹ́rin. Mo rí i nígbà tí a yí lẹ́ẹ̀kíní. Lẹ́ẹ̀kejì, mo gbìyànjú láti wo ibòmíràn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnu mi ò gbà mí.

"Màmá, ìṣẹ́tí aṣọ yín ti ń tú lẹ́yìn."

Ó yíjú. "Kí lẹ̀ ń wá lẹ́yìn mi?"

"Ẹṣin ló gbé mi wá síbẹ̀."

"Ẹ wo ọ̀ọ́kán yín, Bàbá."

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ti di ọ̀rẹ́. Ọmọ Màmá wọ ṣòkòtò búlúù tó ní okùn léjìká, irú èyí tí wọ́n ń tà ní gbogbo ilé ìtajà. Àpò pọ̀ lára rẹ̀ bí ihò lára ajẹ́rẹ́.

"Bàbá àgbà, àpò mẹ́jọ!" ni Ìyá Ìbéèrè wí. "Kí ló dé tí tèmi fi jẹ́ méjì?"

"Méjì tó."

"Ta ló sọ pé méjì tó?"

"Télọ̀."

Ọmọ kejì kò wo àpò. Ìsàlẹ̀ kaba náà ló ń wò. "Yí," ó ní. Ìyá Ìbéèrè yí, kaba náà sì tẹ́ bí agboòrùn. Ọmọ náà la ẹnu. Inú mi dùn. Mo ti ṣírò bí á ṣe tẹ́, ó gba aṣọ púpọ̀.

Màmá fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ.

A lọ síbi àwọn mọ́tò kéékèèké tó ń kọlu ara wọn. Ọ̀gágun wakọ̀, mo jókòó tì í. Ó kọlu àwọn tó ń lọ. Ó kọlu àwọn tó dúró. Ó kọlu ògiri, ó ní kí ògiri kúrò lọ́nà. Lẹ́yìn ìyẹn a gun kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé ènìyàn lọ sókè. Nígbà tí a dé òkè pátápátá, Ìyá Ìbéèrè bi mí pé bí kẹ̀kẹ́ náà bá dúró síbẹ̀ ńkọ́.

"Wọ́n á tún un ṣe."

"Bí ẹni tó ń tún un ṣe bá ti lọ sílé ńkọ́?"

"Wọ́n á pè é."

"Bí kò bá gbé e ńkọ́?"

Ọkùnrin kan tó jókòó ní ìdojúkọ wa di irin mú le sí i.

A jẹ búrẹ́dì tí mo gbé wá. A jẹ áísìkiriìmù. Ó ti kọjá aago méjì, kò sì sí wàhálà kankan. Mo ti ń ro ibi tí màá gbé ibùsùn wọn sí, bóyá ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tàbí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Nígbà náà ni inú Ọ̀gágun dùn jù.

Ilé ìtọ̀ wà nítòsí. Apá kan wà fún ọkùnrin, apá kejì fún obìnrin. Ìyá Ìbéèrè ní òun náà fẹ́ lọ, òun ti dàgbà, òun lè dá lọ. Mo rí Màmá ẹlẹ́ṣin àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń wọ apá obìnrin lọ. Mo ní kò burú, ìyá àgbà wà níbẹ̀.

"Bí o bá ṣe tán, dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yìí. Má kúrò."

"Bí ilẹ̀kùn bá—"

"Má kúrò."

Bọ́tìnì ṣòkòtò Ọ̀gágun ló dá wa dúró. Èmi ni mo rán an mọ́ ọn. Bọ́tìnì tí mo bá rán kì í ṣí fún ẹni tó ń kánjú. Nígbà tí a jáde, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n mo rí kaba yẹ́lò. Ó wà lọ́nà jíjìn, ní ìdí ọkọ̀ ojú irin kékeré tí àwọn ọmọdé ń gùn nínú ọgbà náà, ó ń sáré. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ orí mi tó ra aṣọ náà. Mo gbé Ọ̀gágun sábẹ́ apá bí ìtì aṣọ, mo sá tẹ̀ lé e. Ó ti tó ogún ọdún tí mo sáré kẹ́yìn.

"Ẹ sáré! Ẹ sáré!" Ọ̀gágun ń pariwo lábẹ́ apá mi. "Ẹ yà! Ẹ yà fún wa!"

Àwọn ènìyàn yà. Kaba náà gba ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú irin kọjá, mo gba iwájú. Mo bá a nídìí igi kan. Mo di ọrùn rẹ̀ mú.

"Ta ló ní kí o kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn?"

Ó yíjú. Ọmọ mi kọ́.

Mo tún wo kaba náà. Èmi ni mo rán an. Bọ́tìnì mẹ́fà. Àpò pupa. Mo tún wo ọmọ náà. Ọmọ Màmá ẹlẹ́ṣin ni.

"Bọ́ kaba mi," mo wí. Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ.

"Tèmi ni," ni ọmọ náà wí. "A ti pààrọ̀."

Mo gbọ́ ohùn kan lókèèrè. "Fi ọmọ mi sílẹ̀!" Màmá ló ń bọ̀, kóòtù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn, pín-ìn-nì kan lẹ́nu rẹ̀. Ó ti wà nínú ilé ìtọ̀, ó ń wá ibi tí ìṣẹ́tí rẹ̀ ti tú, kí ó lè fi pín-ìn-nì mú un. Àwọn ọmọ ti pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti jáde. Ọmọ rẹ̀ wọ aṣọ ẹlòmíràn, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì jìnnà. Síbẹ̀, Màmá kò ṣiyèméjì pé òun ni.

"Bàbá yìí náà ni!" Ó ń ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. "Láàárọ̀, ìdí kóòtù mi ló ń wò. Ní báyìí, ó ti dé orí ọmọ!"

"Màmá, ẹ wo aṣọ tó wà lọ́rùn ọmọ yín."

Ó wò ó. Ó yọ pín-ìn-nì kúrò lẹ́nu. "Níbo lo ti rí èyí?"

"A ti pààrọ̀," ni ọmọ náà tún wí, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti rẹ̀. "Ó gba àpò, mo gba kaba."

"Ọmọ mi dà?" mo bi í.

"Ó ní òun ń lọ wá nǹkan tí òun á kó sínú àpò."

Mo ti rán aṣọ tí kò ní ìkejì fún un, ó sì ti pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí irú rẹ̀ pọ̀ tó ọgọ́rùn-ún. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀, mo ka ọmọ méje tó wọ ṣòkòtò búlúù bẹ́ẹ̀.

Màmá rí ojú mi. Ó dákẹ́ ariwo. "Ẹ jẹ́ ká lọ síbi ẹ̀rọ gbohùngbohùn," ó ní.

Ọ́fíìsì kékeré kan ni. Obìnrin kan jókòó níbẹ̀, ó mú bírò.

"Kí lọmọ náà wọ̀, Bàbá?"

"Ṣòkòtò búlúù."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó ga tó báwo?"

"Ínṣì mẹ́rìnlélógójì. Ìbàdí, mọ́kànlélógún. Apá, mẹ́rìndínlógún. Èjìká ọ̀tún fi díẹ̀ rẹlẹ̀."

"Bàbá, a ò ní fi téèpù wá a. Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ronú. Mo rí ọrùn rẹ̀. Mo rí èjìká rẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, níbi tí bọ́tìnì àkọ́kọ́ wà, mo rí i kedere.

"Ojú ọmọ ni," mo wí.

Obìnrin náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Màmá kàn wò mí. Ì bá sàn kí ó bú mi.

Ọ̀gágun gun àga. "Eyín rẹ̀ méjì ti yọ nísàlẹ̀," ó ní. "Ó ní àpá níbí." Ó fọwọ́ kan àgbọ̀n ara rẹ̀. "Èmi ni mo sọ síbí lù ú. Ojú rẹ̀ tóbi. Ó máa ń la ẹnu bó bá ń ronú. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n kéde rẹ̀. A kò dúró. Màmá di ọmọ tirẹ̀ mú, mo di Ọ̀gágun mú, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Mi ò wo aṣọ mọ́, nítorí aṣọ kò wúlò. Ojú ni mò ń wò. Ọdún mẹ́rìnlélógójì, láti ọrùn lọ sísàlẹ̀ ni mo ti ń wo ènìyàn. Mi ò mọ̀ pé ojú ọmọdé kì í dúró sójú kan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sunkún ń rẹ́rìn-ín kí n tó kọjá. A wo ìdí àwọn ẹṣin. A wo ìdí àwọn mọ́tò. Mo béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ta fèrè, mo sì sọ ohun tí Ọ̀gágun sọ: eyín méjì, àpá lágbọ̀n, ojú tó tóbi.

"Ìyẹn tó ń béèrè nǹkan?" ọkùnrin náà wí. "Ó bi mí bóyá ó máa ń rẹ fèrè. Ó ti gba ìhà odò lọ."

Odò tí wọ́n gbẹ́ ni, kò jìn ju orúnkún lọ, òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká. Ọmọdé kò nílò odò tó jìn kí ó tó lè rì.

Àwọn ọmọ márùn-ún wà níbẹ̀. Ṣòkòtò búlúù ni mẹ́ta wọ̀. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta jókòó sílẹ̀, ó la ẹnu.

Òun ni. Ó ti kó òkúta kún àpò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kò sì lè dìde mọ́.

"Bàbá àgbà, kí ló dé tí àpò púpọ̀ fi ń wúwo ju ènìyàn lọ?"

Mo kúnlẹ̀. Àpá náà wà lágbọ̀n rẹ̀ lóòótọ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun díẹ̀. Mi ò rí i rí.

"Kí lẹ̀ ń wò?"

"Ìwọ."

"Kí ló dé?"

"Dákẹ́ díẹ̀."

Ó dákẹ́. Kì í sábàá ṣẹlẹ̀. Ọ̀gágun lo àǹfààní náà láti pàṣẹ pé kí ó kó gbogbo òkúta jáde, kí ó sì fún òun ní ìdajì.

Aago kọjá mẹ́ta dáadáa. Màmá mú àwọn ọmọbìnrin méjèèjì lọ pààrọ̀ aṣọ padà. Ọmọ tirẹ̀ sunkún gan-an lórí kaba náà. Nígbà tí wọ́n jáde, kò sí ohun tó yí padà lára Ìyá Ìbéèrè. Bọ́tìnì mẹ́fà ni Màmá dè, ó sì dè wọ́n dáadáa.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ìdánwò náà fún un.

"Ẹ má sọ fún un," ó ní. "Ọmọ ti padà, aṣọ ti padà. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi," ni Ọ̀gágun wí. "Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ áísìkiriìmù méjì, màá gbàgbé."

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó lọ.

Ọmọ mi obìnrin dé ní aago mẹ́rin géérégé. Ó yí àwọn ọmọ ká. Ó wo ọwọ́ wọn, ó wo orúnkún wọn, ó wo inú etí wọn. Ó rí òkúta mẹ́rin lápò Ọ̀gágun, kò sì sí nǹkan mìíràn.

"Bàbá," ó ní, "mo tọrọ àforíjì. Ẹ yege. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yín dúró."

Ọ̀gágun wò mí. Ìyá Ìbéèrè wò mí. Ó yẹ kí n kàn wọ mọ́tò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gùn. Bí mo bá fi irọ́ gbà wọ́n, ojú tí mo fi sọ Ìyá Ìbéèrè nù náà ni màá fi máa ṣọ́ wọn.

"Dúró," mo wí. "Mo sọ Ìyá Ìbéèrè nù."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò gùn lẹ́nu mi. Kaba, àpò, ọmọ ẹlòmíràn, odò. Mo sọ ọ̀rọ̀ obìnrin oníbírò pẹ̀lú, bí mi ò ṣe lè sọ bí ojú ọmọ náà ṣe rí. Ibẹ̀ ló ti nira jù.

Ọmọ mi gbé ọwọ́ lé orí mọ́tò. "Ìṣẹ́jú mélòó?"

"Mẹ́rìndínlógójì."

"Nígbà tí mo wà ní iléèwé," ó ní, "mo gé irun mi kúrò pátápátá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ ò rí i. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ẹ ní ìbàdí mi ti fi ààbọ̀ ínṣì kún."

"Ó kún lóòótọ́."

"Bàbá!"

"Mo gbọ́."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. Mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Èjìká rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n mo ti kọ́ pé kí n má fi èjìká mọ nǹkan. Mo wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n omi wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti ní ìlà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, bíi ti ìyá rẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ò ṣeé ṣe," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi náà á wá sùn níbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí n fi ojú ara mi rí i."

Mi ò retí ìyẹn. Ẹni mẹ́ta, dípò méjì. Mo tún ojú mi ṣe kí n tó dáhùn.

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ Ajé."

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ sàn jù," mo wí.

"Kí ló wà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?"

"Kò sí nǹkan kan."

Ó wò mí, èmi náà wò ó.

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta," ó ní, ó sì ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún wa.